Ẹnu Ni Tàbí Ara? Ọ̀nà Méjì Tí Àgbà Fi Ń Wo Ọgbẹ́ Ìgbà Èwe

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Kò ní dúró rò ó wò kó tó sá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti gbé e kúrò níbẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó mọ ohun tó rí. Lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni àwọn tó ń tọ́jú ọgbẹ́ ọkàn ti ń bá ara wọn jiyàn láti bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Àwọn tí wọ́n ń jiyàn lé lórí ni àgbàlagbà tí wọ́n nà ní ìnà ìkà, tí wọ́n bá ṣèṣekúṣe, tàbí tí wọ́n pa tì pátápátá nígbà tó wà lọ́mọdé. Apá kan ní ọ̀rọ̀ ni oògùn rẹ̀: kí onítọ̀hún jókòó ti ẹni tó mọṣẹ́, kó sọ ohun tójú rẹ̀ rí, kó sì tún èrò tó ń gbà nípa ara rẹ̀ yẹ̀ wò. Apá kejì ní ẹsẹ̀ tó sá yẹn kò gbọ́ àlàyé. Ara ni kí wọ́n kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, nípa mímí, nípa nína ara, nípa kíkíyèsí ohun tó ń lọ láyà àti nínú ikùn. Ọ̀nà méjèèjì ló ní ẹlẹ́rìí, méjèèjì ló sì níbi tó ti kù díẹ̀ káàtó. Ẹ jẹ́ ká gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Irú ọgbẹ́ tí à ń sọ

Kò yẹ ká da gbogbo ọgbẹ́ pọ̀. Ẹni tí ọkọ̀ dànù mọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́nà Èkó sí Ìbàdàn yàtọ̀ sí ọmọ tó ń fetí sí ìró ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ lálaalẹ́ fún ọdún mẹ́wàá, tí kò sì níbi tó lè sá gbà. Judith Herman, oníṣègùn ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, la ìyàtọ̀ yìí sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀, Trauma and Recovery, lọ́dún 1992. Ó ní ẹni tí wọ́n ń ṣe léṣe léraléra níbi tí kò ti rọ́nà jáde kì í ṣàìsàn bíi ti ẹni tí aburú kan ṣẹlẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọgbọ̀n ọdún kọjá kí ọ̀rọ̀ náà tó wọ ìwé àṣẹ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2022 ni ICD-11, ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń to orúkọ àìsàn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, complex PTSD, ìyẹn irú ọgbẹ́ tó pẹ́ tí Herman ń sọ, sì ní àyè tirẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà kò yà á sọ́tọ̀ nínú DSM-5, ìwé àìsàn ọpọlọ tiwọn, tí wọ́n gbé jáde ní 2013.

Àmì mẹ́fà ni ICD-11 kà. Mẹ́ta jẹ́ ti PTSD, àìsàn tí aburú ń fi sílẹ̀ lọ́kàn, tí gbogbo ayé ti mọ̀: ohun àtijọ́ ń padà wá bí ẹni pé òní ló ń ṣẹlẹ̀, onítọ̀hún ń yẹra fún ohunkóhun tó lè rán an létí, ara rẹ̀ kì í balẹ̀, àfi bí ẹni pé ewu ń bẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mẹ́ta tó kù ni ti ọgbẹ́ tó pẹ́: kò lè káwọ́ ìbínú tàbí ẹkún, tàbí kí gbogbo ara rẹ̀ kú tipiri tí kò ní mọ nǹkan kan, ó ti gbà pé òun kò já mọ́ nǹkan kan, ó sì ṣòro fún un láti sún mọ́ ènìyàn kó sì dúró tì í.

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sílé. Lọ́dún 2014, àjọ tó ń rí sí ètò ìkànìyàn ní Nàìjíríà, pẹ̀lú UNICEF àti CDC ti Amẹ́ríkà, ṣèwádìí káàkiri orílẹ̀-èdè nípa ìwà ipá sí ọmọdé. Nǹkan bí ọmọ mẹ́fà nínú mẹ́wàá ló ti rí ìwà ipá kan tàbí òmíràn kó tó pé ọdún 18. Ọmọbìnrin kan nínú mẹ́rin àti ọmọkùnrin kan nínú mẹ́wàá ni wọ́n ti fi ọ̀ràn ìbálòpọ̀ ṣe léṣe. Àwọn ọmọ ọdún 13 sí 24 ni wọ́n bi léèrè nígbà náà. Gbogbo wọn ti dàgbà báyìí: wọ́n ti di ìyàwó ilé, wọ́n ti di ọ̀gá níbi iṣẹ́, àwọn mìíràn ti sọdá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù àti Houston, tàwọn tẹrù wọn.

Bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ wò ó

Ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ pọ̀, àmọ́ mẹ́ta ló gbajúmọ̀ jù. Edna Foa ni wọ́n mọ̀ mọ́ prolonged exposure. Nínú rẹ̀, aláìsàn á dijú, á máa ròyìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà bí ẹni pé ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́: “Mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo gbọ́ kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà.” Wọ́n á gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, á gbé e lọ sílé, á sì máa gbọ́ ọ lójoojúmọ́ títí àyà rẹ̀ kò fi ní máa já sí i mọ́.

Ìlànà tí Patricia Resick dá sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní CPT, gba ọ̀nà mìíràn. Ìjókòó méjìlá ni. Aláìsàn á kọ ohun tó gbà pé ó fà á tí nǹkan náà fi ṣẹlẹ̀ sí òun. Ẹni tí wọ́n bá ṣèṣekúṣe lọ́mọ ọdún méje lè kọ ọ́ pé, “Èmi ni mo fà á, torí mi ò pariwo.” Olùtọ́jú kò ní bá a jà, kò sì ní sáré tù ú nínú. Á kàn máa bi í léèrè: “Ta ló dàgbà jù nínú ẹ̀yin méjèèjì? Ta ló sọ pé ẹ ò gbọdọ̀ sọ fẹ́nikẹ́ni? Ọmọ ọdún méje tó wà ládùúgbò yín lónìí, bí irú rẹ̀ bá ṣe é, ṣé ẹ máa sọ pé òun ló fà á?” Díẹ̀díẹ̀, gbólóhùn tí obìnrin náà ti gbé kiri fún ọgbọ̀n ọdún á bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Ẹ̀kẹta ni EMDR tí Francine Shapiro bẹ̀rẹ̀ ní 1987. Aláìsàn á máa rántí, ojú rẹ̀ á sì máa tẹ̀ lé ìka olùtọ́jú lọ sọ́tùn-ún lọ sósì. Ààlà apá méjèèjì ni EMDR wà, nítorí ara ń ṣe nǹkan kan níbẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì pọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ti ara wọlé

Lápá kejì, orúkọ tó kọ́kọ́ ń jáde ni Peter Levine, tó gbé ìwé Waking the Tiger jáde ní 1997. Ìtọ́jú tirẹ̀ ni Somatic Experiencing. Pat Ogden dá Sensorimotor Psychotherapy sílẹ̀. David Emerson sì gbé irú yógà kan kalẹ̀ fún àwọn tó ní ọgbẹ́ ọkàn ní Trauma Center ní Brookline, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Boston, níbi tí Bessel van der Kolk ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ìwé tí van der Kolk kọ ní 2014, The Body Keeps the Score, ló gbé ọ̀rọ̀ náà jáde kúrò lọ́wọ́ àwọn oníṣègùn dé ọ̀dọ̀ gbogbo ayé.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ẹ fojú inú wo obìnrin ẹni ogójì ọdún kan nínú ìjókòó Somatic Experiencing. Ó ní ọ̀gá òun jágbe mọ́ òun láàárọ̀, látìgbà náà ni ọrùn òun ti gan. Olùtọ́jú kò bi í pé kí ni ọ̀gá wí. Ó ní, “Ibo lẹ ti ń gbọ́ ọ lára báyìí?” Obìnrin náà ní èjìká ni, ó wúwo bí ẹni ru nǹkan. “Ibo ló wá rọ̀ yín lọ́rùn jù?” Ó rò ó títí, ó ní àfi àtẹ́lẹsẹ̀ òun tó wà nílẹ̀. Olùtọ́jú á jẹ́ kó fi ọkàn sí àtẹ́lẹsẹ̀ yẹn fún ìgbà díẹ̀, kó padà wá wo èjìká, kó tó le jù kó tún ti padà sí àtẹ́lẹsẹ̀. Lílọ bíbọ̀ yẹn ni iṣẹ́ náà. Ohun tí wọ́n fẹ́ kí ara kọ́ ni pé ìnira ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ní òpin.

Níbi yógà Emerson, olùkọ́ kì í fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Kì í pàṣẹ. Ohun tó ń sọ ni pé, “Bó bá wù yín, ẹ lè gbé apá kan sókè. Ẹ lè gbé méjèèjì. Ẹ sì lè jẹ́ kó wà níbi tó wà.” Ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lè fi í ṣẹ̀rín pé kí ni ìyẹn fẹ́ wò sàn. Àmọ́ ẹ rántí irú ẹni tó jókòó síbẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ẹlòmíràn ló ń pinnu ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ara rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibí yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ bi í bóyá ó fẹ́ gbé apá tirẹ̀ sókè.

Èwo ló le jù fún aláìsàn?

Àwọn tó fẹ́ràn ọ̀nà ara máa ń sọ pé ó rọrùn ju ọ̀rọ̀ lọ. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ sísọ ń béèrè ìrántí tó létòlétò, bẹ́ẹ̀ ìyà tó bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ kò ní ìtàn tí wọ́n lè tẹ̀ lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀rọ̀ sísọ tún ń béèrè pé kí ènìyàn lè wà nínú iná yẹn fún wákàtí kan kó má sá jáde, kó má sì kú sínú ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ara náà ní ìnira tirẹ̀. Ẹni tó ti fi ara rẹ̀ sílẹ̀ láti kékeré, tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é léṣe, kò ní dédé fẹ́ padà wọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá bi í pé ibo ló ti ń gbọ́ ọ lára, ó lè sọ pé, “Mi ò gbọ́ nǹkan kan.” Òótọ́ ni. Mímí kanlẹ̀ tó ń tu àwọn kan lára lè da jìnnìjìnnì bo ẹlòmíràn, nítorí ìgbà tí wọ́n ń ṣe é léṣe náà ni ó ti kọ́ láti máa fetí sí èémí, tirẹ̀ àti ti ẹlòmíràn. Nítorí náà, níbi ìrọ̀rùn, ọ̀mì ni wọ́n ta. Ẹnu le fún àwọn kan, ara le fún àwọn mìíràn, ẹnìkan ò sì lè mọ̀ ọ́n láìbéèrè.

Èwo ni àlàyé rẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀?

Àlàyé tí apá ara ń ṣe dùn ún gbọ́. Wọ́n ní nígbà tí ìrántí ibi bá dé, ẹnu máa ń kú. Wọ́n á wá tọ́ka sí ìwádìí tí Scott Rauch, van der Kolk àti àwọn mìíràn gbé jáde ní 1996. Wọ́n ya àwòrán ọpọlọ àwọn tó ní PTSD nígbà tí wọ́n ń ka ìtàn ìṣẹ̀lẹ̀ náà sí wọn létí, wọ́n sì rí i pé apá Broca, tí a fi ń sọ̀rọ̀, rẹ̀ sílẹ̀. Ìyẹn gbàfiyèsí, àmọ́ aláìsàn mẹ́jọ péré ni wọ́n wò. Levine ní ẹranko tó bá bọ́ lẹ́nu ikú máa ń gbọ̀n jìnnìjìnnì dànù kúrò lára, pé ènìyàn ni kì í gbọ̀n tirẹ̀ tán. Ìtàn tó wọni lọ́kàn ni, ẹ̀rí rẹ̀ kò tó bí adùn rẹ̀ ṣe tó. Àlàyé tí Stephen Porges ṣe láti 1994 nípa iṣan vagus tó lọ láti ọpọlọ dé ikùn náà wà lẹ́nu gbogbo olùtọ́jú tó ń ti ara wọlé, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ìṣiṣẹ́ ara kan ti ta ko ọ̀pọ̀ ohun tó sọ.

Apá ọ̀rọ̀ dúró lórí ilẹ̀ tó le ju ìyẹn lọ. Bí ẹ̀rù ṣe ń wọ ẹ̀dá lára àti bó ṣe ń rọlẹ̀ nígbà tí ẹ̀dá bá dojú kọ ọ́ léraléra láìsí ewu, wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Níbi àlàyé, ọ̀rọ̀ ló borí. Síbẹ̀, ìtọ́jú lè ṣiṣẹ́ kí àlàyé rẹ̀ má péye, nítorí náà ẹ jẹ́ ká yẹ àbájáde wò.

Kí ni ìwádìí rí?

NICE, àjọ tó ń la ọ̀nà ìtọ́jú sílẹ̀ fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìlànà PTSD jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2018. Ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ tó dojú kọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà gan-an àti EMDR ni wọ́n fi síwájú fún àgbàlagbà. Somatic Experiencing kò sí lára ohun tí wọ́n ní kí wọ́n máa lò. Kì í ṣe ẹ̀tanú. Àwọn ìwádìí tó gbe ọ̀rọ̀ sísọ lẹ́yìn pọ̀ gan-an ju ti ara lọ.

Kékeré tí apá ara ní, ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Van der Kolk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde ní 2014. Wọ́n kó obìnrin 64 jọ tí PTSD ti pẹ́ lára wọn tí ìtọ́jú kò sì ràn. Wọ́n ṣẹ́ kèké pín wọn sí méjì. Àwọn kan ń ṣe yógà wákàtí kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Àwọn yòókù ń gba ẹ̀kọ́ nípa ìlera obìnrin. Nígbà tí wọ́n parí, 16 nínú 31 tó ṣe yógà ni àmì ara wọn kò tó ohun tí wọ́n ń pè ní PTSD mọ́. Nínú 29 tó gba ẹ̀kọ́, 6 ni. Èsì tó dára ni, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ẹ̀kọ́ ìlera ni yógà bá díje, kò bá ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ gidi díje. Nígbà tí wọ́n sì padà lọ wo àwọn obìnrin náà ní nǹkan bí ọdún kan àbọ̀ lẹ́yìn náà, àwọn tó ń bá yógà lọ déédéé ni ara wọn yá jù. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó bá dá a dúró má rí èrè rẹ̀ pẹ́. Ní Ísírẹ́lì, ìwádìí tó jáde ní 2017 fi ìjókòó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún Somatic Experiencing tọ́jú apá kan nínú ènìyàn 63. Ó ràn wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣì ń dúró de ìtọ́jú ni wọ́n fi wọ́n wé.

Ìjà ojúkojú ni ti 2023. Ursula Kelly àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó obìnrin 131 jọ, àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ológun ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ní PTSD nítorí ìfipábánilòpọ̀ àti ìyọlẹ́nu lẹ́nu iṣẹ́ náà. Mọ́kànléláàádóje yìí, kèké ló pín wọn: 72 bọ́ sí yógà Emerson, 59 bọ́ sí CPT. Ara apá méjèèjì yá, yógà kò sì gbẹ́yìn CPT. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé 47 nínú 72 ló ṣe yógà dé òpin, nígbà tó jẹ́ pé 27 péré nínú 59 ló ṣe CPT dé òpin. Lóòótọ́, ọgbẹ́ iṣẹ́ ológun ni wọ́n tìtorí rẹ̀ yàn wọ́n, kì í ṣe ti ìgbà èwe, ìwádìí kan ṣoṣo kò sì tó dá ẹjọ́. Àmọ́ iye àwọn tó dúró yẹn ni kò yẹ ká fojú fò. Ìtọ́jú tó lágbára jù lórí ìwé kò wo ẹni tó kúrò nídìí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta.

Ibi tí ara kò lè dé

Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ parí síbí, ǹ bá ní kí gbogbo ènìyàn máa lọ sí yógà. Ṣùgbọ́n nínú àmì mẹ́fà tí a kà lókè, ọ̀kan wà tí ara kì í sábàá lè dá mú: ìdánilójú pé èmi ni mi ò dáa. Èjìká lè rọ̀, oorun lè padà, kí obìnrin náà sì tún jí láàárọ̀ kó máa wò ó pé bí òun bá jẹ́ ọmọ rere ni, ìyá òun ì bá má kọ òun sílẹ̀. Ìgbàgbọ́ ni ìyẹn, ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ sínú rẹ̀, ó sì di dandan kí ẹnìkan fi ọ̀rọ̀ tú u. Iṣẹ́ tí ìbéèrè CPT ń ṣe yẹn, nína apá kò lè ṣe é.

Ìwádìí tó sún mọ́ àwọn tí à ń sọ yìí jù ni ti Marylene Cloitre, tó jáde ní 2010. Obìnrin 104 ni, tí wọ́n ti ṣe léṣe ní kékeré. Apá kìíní kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dárúkọ ohun tó ń ṣe wọ́n, bí wọ́n ṣe ń mú ara rọlẹ̀, bí wọ́n ṣe ń bá ènìyàn gbé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ ìtàn wọn. Apá kejì kọ́ ọgbọ́n yẹn, wọn kò sọ ìtàn. Apá kẹta sọ ìtàn, wọn kò kọ́ ọgbọ́n náà. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tí àìsàn náà fi sílẹ̀ pátápátá tí kò sì padà, apá kìíní jẹ́ 27 nínú ọgọ́rùn-ún, apá kejì 13, apá kẹta kò rí ẹyọ ẹnìkan. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ hàn kedere: ìmúra ara àti ọkàn nìkan kò tó, ìtàn nìkan sì lè gbé ènìyàn ṣubú, àfi kí ìkíní ṣílẹ̀kùn fún ìkejì.

Kí n má bàa ṣègbè, àwọn kan kò gbà. Ad de Jongh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ ní 2016 pé kò sí ẹ̀rí tó tó pé gbogbo ẹni tó ní complex PTSD gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ múra fún ìgbà pípẹ́, pé ìmúra yẹn lè kàn máa fi ìtọ́jú gidi falẹ̀. Mo gbà pé ewu náà wà. Mo ti rí àwọn ọ̀rọ̀ olùtọ́jú tó fi hàn pé àwọn fúnra wọn ni ẹ̀rù ìtàn aláìsàn ń bà. Wọ́n á máa fi mímí àti nínara yí ènìyàn po fún ọdún méjì, wọ́n á ní kò tíì yá. Ìmúra tí kò ní ọjọ́ òpin ti di ìsásẹ́yìn.

Ewu tó wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan

Ewu ọ̀rọ̀ ni kí olùtọ́jú máa kó ọ̀rọ̀ sí aláìsàn lẹ́nu. Láàárín ọdún 1990 sí 1999, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Amẹ́ríkà jáde láti inú ìjókòó pẹ̀lú ìrántí tí ìbéèrè olùtọ́jú gbìn sí wọn nínú. Ní 1995, Elizabeth Loftus fi hàn pé wọ́n lè mú kí àgbàlagbà gbà pé òun ti sọnù nínú ilé ìtajà ńlá lọ́mọdé, nígbà tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí.

Apá ara rò pé àwọn bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn. Wọn kò bọ́. Gbólóhùn tí wọ́n fẹ́ràn jù, pé ara kì í parọ́, léwu bákan náà. Ikùn tó le lè jẹ́ àmì ìbẹ̀rù, ó sì lè jẹ́ àmì ọgbẹ́ inú. Ikùn kò lè dárúkọ ẹni tó ṣe ènìyàn léṣe. Ẹni tí àyà rẹ̀ ń dùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ rí dókítà. Ewu kejì ni ìfọwọ́kàn. Àwọn olùtọ́jú kan máa ń fọwọ́ lé aláìsàn lẹ́yìn tàbí léjìká. Fún ẹni tí wọ́n fọwọ́ kàn lọ́nà àìtọ́ ní kékeré, tó sì ti kọ́ láti dákẹ́ bí kò tilẹ̀ fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni rẹ̀ kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni.

Nílé àti lẹ́yìn odi

Ẹni tó bá ro pé ọ̀nà ara jẹ́ àjèjì sí wa kò tíì jókòó sí ibi tí aláìsàn ti ń ròyìn fún dókítà. Orí ń gbóná, àyà ń já, nǹkan kan ń rìn mí lára: bí ọ̀pọ̀ ṣe ń sọ ìbànújẹ́ wọn nìyẹn. Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, ti kọ nípa irú ìráhùn bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà ní 1960. Ẹni tí ìtìjú kò jẹ́ kó sọ pé ẹ̀gbọ́n ìyá òun bá òun lò pọ̀, tó ń ronú ohun tí ẹbí máa sọ, lè sọ pé oorun kò kùn òun. Ilẹ̀kùn ni ìyẹn, olùtọ́jú tó gbọ́n á gba ibẹ̀ wọlé.

Ẹlòmíràn á ní ṣebí ara ń mì ní àìsùn ṣọ́ọ̀ṣì, ṣebí ìlù àti ijó wà. Ìtura tí ènìyàn ń rí níbẹ̀ kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá di obìnrin mú mọ́lẹ̀ pé kí ẹ̀mí àìmọ́ jáde, tí wọ́n sì ní kó dárí ji bàbá rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ohun tójú rẹ̀ rí ní kékeré náà ni wọ́n tún fi hàn án.

Ní ti owó, ọ̀nà méjèèjì ṣọ̀wọ́n nílé. Mirabel Centre, tó wà ní ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní Ìkẹjà láti 2013, ń tọ́jú àwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé ìwòsàn Àrò ní Abẹ́òkúta sì ti ń ṣiṣẹ́ láti 1954. Olùtọ́jú tó kọ́ Somatic Experiencing dé ojú àmì kò pọ̀, owó rẹ̀ kò sì kéré. Yógà Emerson ló lè rọrùn, nítorí olùkọ́ kan lè bójú tó ènìyàn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Fún ọmọ Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ yí padà: ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ àti EMDR wà lọ́fẹ̀ẹ́ lábẹ́ NHS, ètò ìlera ìjọba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè dúró pẹ́ kó tó kàn án, àpò ara rẹ̀ ló sì máa fi sanwó ọ̀nà ara.

Ìdájọ́

Bí wọ́n bá ní kí n dá a, bí mo ṣe máa dá a nìyí. Ẹni tó lè sọ ohun tójú rẹ̀ rí láìjẹ́ pé ó dákú tàbí pé ó sá, kó gba ọ̀nà ọ̀rọ̀ lọ tààrà; ibẹ̀ ni ẹ̀rí pọ̀ sí, kò sì sídìí tí wọ́n fi máa fi mímí dá a dúró. Ẹni tó ti gbìyànjú ọ̀rọ̀ tó sì kúrò lẹ́nu ọ̀nà, tàbí tí ẹnu rẹ̀ ń kú nígbà tí ìtàn bá dé, kó bẹ̀rẹ̀ láti ara, lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí wọ́n sì jọ dá ọjọ́ tí wọ́n máa wò ó bóyá àsìkò ọ̀rọ̀ ti tó. Bí ara rẹ̀ bá yá tó sì ní òun kò fẹ́ sọ ìtàn mọ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣì bá a tú èrò pé òun kò já mọ́ nǹkan kan, nítorí ìyẹn ṣeé ṣe láìka ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun kan ló wà tí mo fi lékè ọ̀nà méjèèjì. Ìyà ìgbà èwe kọ́ ọmọ pé kíkọ̀ rẹ̀ kò níyì. Nítorí náà, kí àgbàlagbà tó ń wá ìtọ́jú bi olùtọ́jú léèrè ní ọjọ́ kìíní: níbo ni ẹ ti kọ́ iṣẹ́ yìí, ṣé ẹ máa ń fọwọ́ kan ènìyàn, kí lẹ sì máa ṣe bí mo bá ní ó tó fún òní? Olùtọ́jú tí inú rẹ̀ bá ru sí ìbéèrè kẹta yẹn, ì báà jẹ́ ẹnu ló ń lò, ì báà jẹ́ ara, kí onítọ̀hún gbé báàgì rẹ̀, kó máa lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.